Orin Tí Wọ́n Pè Ní Ìfọ̀kànbalẹ̀

Tó bá jẹ́ àlejò ló ṣe mí báyìí, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ǹ bá pariwo, ǹ bá fa aṣọ ya mọ́ ọn lọ́rùn, inú mi ì bá sì ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni. A jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì, a jọ mu gààrí tí kò ní ṣúgà, ó bá mi di irun lọ́jọ́ ìdánwò, ó sì bá mi sunkún nígbà tí bàbá mi kú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé mi wá sílé ní Ọ̀wọ̀, màmá mi wò ó bó ṣe kúnlẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí mọ èèyàn kí." Bó ṣe di ọmọ ilé nìyẹn. Tó bá ti dé, kì í jókòó sí pálọ̀. Ilé ìdáná ló máa ń wọ̀ tààrà, yóò ṣí ìkòkò, yóò ní, "Màmá, ṣé ẹ fi tèmi sílẹ̀?" Màmá á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ló tà wá. Mo ti wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju ìyẹn lọ, mi ò rí i.

Ìlú òyìnbó ló lọ lẹ́yìn tí a jáde. Nígbà tó fi máa padà wá kí wa, ó ti di olùwádìí. Ó ní iṣẹ́ àwọn ni pé kí àwọn kọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ orin, kó sì mọ ohun tí orin náà ń ṣe fún ọkàn èèyàn: kí ló dé tí orin kan á mú omi jáde lójú ẹni, tí òmíràn á mú kéèyàn máa jó láìmọ̀. Ẹ gbọ́, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí, mo sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìbéèrè yẹn ti wà lára mi tipẹ́. Mo ti rí àwọn ọkùnrin tí ojú wọn gbẹ táútáú níwájú pósí, àfi bí mo ṣe sọ orin kalẹ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ báyìí, kí wọ́n máa wá áńkáṣíìfù káàkiri àpò. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó wá ní kí n wá bá òun ṣe iṣẹ́ náà ní agbègbè wa, ṣé màá ní mi ò ṣe ni? Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kiri. A lọ sí Ìpele, a lọ sí Ìdógùn, a gun ọ̀kadà wọ Òkèlúsè nígbà tí wọ́n ń sá kòkó sí gbogbo etí ọ̀nà. Àwọn ìyá àgbà ni à ń wá, àwọn tó ṣì mọ orin tí wọ́n fi ń fọ́ kòkó, orin tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, èyí tí wọ́n fi ń bú orogún. Wọn kì í kọrin fún ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn. Èmi ni màá kọ́kọ́ wọlé, màá sọ ohùn Ọ̀wọ̀ sí wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sún fún wa lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀rẹ́ mi á wá gbé máíkì kalẹ̀, á sì so nǹkan kan bí aago mọ́ wọn lọ́wọ́, èyí tó ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù bí orin ṣe ń lọ. Ní Ìdógùn, ìyá kan kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò jalè, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ de òun lọ́wọ́. Àfi ìgbà tí mo kọ́kọ́ so ó mọ́ ọwọ́ ara mi, tí mo kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, tó rí i pé mi ò kú, kó tó gbà. Nígbà tó wá gbà, a ò rí i dá dúró mọ́. Orin èébú ló ń tò lé ara wọn, orogún rẹ̀ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun náà ń gbè é.

Ohun tí wọ́n ń fi àwọn orin náà ṣe lókè òkun ni pé wọ́n á ki íápíìsì bọ etí àwọn èèyàn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, wọ́n á ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnì: ṣé ìdùnnú ni orin yìí, àbí ìbànújẹ́, àbí ìbẹ̀rù, àbí ìfọ̀kànbalẹ̀? Ohun tí àwọn yẹn bá tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á fi kọ́gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. Ó ní, "Orin Ìgógó yín, kọ̀ǹpútà ní ìbànújẹ́ ni o." Mo ní, "Ìbànújẹ́ kẹ̀?" Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ ló mọ̀ pé a kì í lu ìlù lásìkò ọdún Ìgógó. Agogo nìkan ni. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó tiwa lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ò gbọ́ ìlù, wọ́n rò pé ẹnì kan ló kú. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní, "Ìdí tí mo fi nílò ẹ nìyẹn. Ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ." Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Mo fẹ́ sọ ti orin màmá mi wàyí, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Màmá mi bí ọmọkùnrin kan ṣáájú mi. Ó ti ń sáré káàkiri àgbàlá kí ibà tó gbé e lọ; èmi ò tíì lè rìn nígbà náà. Ní ọ̀dọ̀ wa, bàbá àti ìyá kì í rí sàréè ọmọ wọn. Àwọn àbúrò bàbá mi ló gbé e lọ sí oko lọ́nà Ìpele, wọ́n sin ín, wọ́n padà wálé, wọ́n fọ ọwọ́, kò sì sí ẹni tó sọ ibi tó wà fún màmá mi títí dòní. Kò bi wọ́n. Ohun tó ṣe ni pé ó mú orin tó máa ń fi wẹ ọmọ náà, ó yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ọ̀nà wo lo gbà, tí o ò mú mi dání? Ta ló ń bu omi sí ọ lára? Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lọ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó dùn, ó ń rọra lọ bí ìgbà tí ìyá ń da omi lé ọmọ lẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń kọ ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà. Yóò ti ilẹ̀kùn yàrá. Bàbá mi, nígbà tó wà láyé, á pa rédíò, á jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwa ọmọ á dákẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. A kàn mọ̀ ni. Nígbà tó bá ṣe, yóò jáde síta, ojú rẹ̀ á ti wú, á bi wá pé ta ni kò tíì jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn, ara rẹ̀ á yá gágá títí ọdún á fi yí po. Ibẹ̀ ló ti ń rí ọmọ rẹ̀. Kò ní ibòmíràn.

Lọ́dún tí à ń kó orin kiri yẹn, ọ̀rẹ́ mi wà nílé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, ó fọwọ́ lé àyà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ tó wà nínú orin náà. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ṣé ẹ rí i, ó mọ̀. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi Màmá lọ́rùn sílẹ̀. Màmá ní rárá. Ó kúnlẹ̀. Màmá tún ní rárá, ó ní orin náà kì í ṣe orin tí ẹlòmíràn ń gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Màmá, èèyàn kankan ò ní gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà nìkan ni. Tó bá ti ka bí ohùn yín ṣe ń lọ àti bí ọkàn yín ṣe ń lù tán, màá pa á rẹ́. Mo fi ìyá tó bí mi búra."

Màmá wo ojú mi. "Ṣé òótọ́ lọ̀rẹ́ rẹ ń sọ?"

Mo ní, "Òótọ́ ni, Màmá. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa. Ìwọ ni mo gbà gbọ́ o. Mi ò mọ ẹ̀rọ."

Bó ṣe na ọwọ́ nìyẹn tí wọ́n so nǹkan náà mọ́ ọn. Ó kọ orin náà látòkè délẹ̀, kò sì wo ẹnì kankan nínú wa. Nígbà tó parí, ọ̀rẹ́ mi dì mọ́ ọn, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun dójú tì í.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ìpè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ó ní ìwádìí ti parí, ilé-iṣẹ́ kan ti gba òun síṣẹ́ nítorí rẹ̀. Mo bá a yọ̀! Mo tilẹ̀ dá ọpẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi òmùgọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ màmá mi lẹ́nu, mo sì máa ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan nígboro fún àyẹ̀wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó kù. Wọ́n gbé sípíkà kékeré kan sórí tábìlì nọ́ọ̀sì, orin jẹ́jẹ́ ń jáde níbẹ̀. Mi ò tẹ́tí sí i. Fóònù mi ni mò ń wò. Mo kàn rí i pé Màmá gbé orí sókè, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnì kan wọlé. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ.

Ohùn màmá mi ni. Kì í ṣe ẹni tó jọ ọ́. Ohùn rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú bó ṣe máa ń mí kó tó bọ́ sí ìlà kejì. Wọ́n ti fi dùùrù sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi omi tó ń ṣàn sí i, wọ́n tún fi ẹyẹ tí kò sí ní gbogbo igbó Ọ̀wọ̀ sí i. Ìlà kan náà ni wọ́n ń tún kọ, ọ̀nà wo lo gbà, ọ̀nà wo lo gbà, dùùrù á wọlé, wọ́n á tún un kọ. Wọ́n ti gé ìyókù dànù. Obìnrin aboyún kan tó jókòó tì wá ń mi orí sí i. Ó ní, "Orin yìí dùn o, Màmá. Òun ni mo fi ń sùn. Ó wà lórí fóònù mi." Nọ́ọ̀sì náà dá sí i: "Ó máa ń jẹ́ kí ara wọn balẹ̀ kí n tó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Lórí áàpù ni mo ti rí i, abẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n kó o sí." Obìnrin náà kò mọ nǹkan kan, nọ́ọ̀sì náà kò mọ nǹkan kan. Màmá mi na ọwọ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Màmá, ta ló bá yín jà nílé?"

Màmá ní, "Kò sẹ́ni tó bá mi jà."

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Màmá, mi ò mọ̀ nípa rẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra." Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu. Kò sí wàhálà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe ará ibí. Ohùn Ọ̀wọ̀ là ń sọ nílé. Gbogbo ohun tí mo ti kọ pé Màmá sọ fún mi látẹ̀yìn, ohùn wa ló fi sọ ọ́. Èmi ni mo yí i padà fún yín. Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò, àwọn àlejò la máa ń sọ ọ́ sí: àgùnbánirọ̀, òṣìṣẹ́ báńkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, ẹni tó ń ta ìwé kiri. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, màmá mi ò sọ ọ́ sí mi rí, kódà nígbà tó bá ń nà mí. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ó tún fi "ẹ" kún un. Èmi ọmọ tó bí! Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ má baà rí mi.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi títí kó tó gbé e. Mi ò kí i.

"Ṣé o mọ ohun tí mo gbọ́ nílé ìwòsàn lónìí?"

Ó ní, "Mi ò dárúkọ Màmá níbì kankan o."

Ẹ gbà mí! Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kò bi mí pé kí ni. Kò ní irọ́ ni. Ó ti ń dúró dè mí.

Mo ní, "O ní wàá pa á rẹ́. O fi ìyá ẹ búra."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní nínú gbogbo orin tí àwọn kó jọ, kò sí èyí tí àwọn tó ń gbọ́ ọ tẹ ìfọ̀kànbalẹ̀ fún tó ti Màmá. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó gba òun síṣẹ́, àwọn tó ni áàpù náà, ò gbà kí òun yọ ọ́. Ó ní àwọn tí kì í rí oorun sùn ń kọ̀wé sí àwọn, wọ́n ń dúpẹ́. Ó wá ní, "Ohun tí o ò mọ̀ ni pé Màmá fúnra wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni ọkàn wọn ń rọlẹ̀. Mo rí i. Ẹ̀rọ náà ò purọ́."

"Ó ń rọlẹ̀ nítorí pé ó rí ọmọ rẹ̀!" Mo pariwo débi pé àwọn aládùúgbò yọjú. "Ìwọ tí o bá mi rẹ́rìn-ín lórí Ìgógó! Ìwọ tí o ní ẹ̀rọ ò mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ! Kí ló dé tí o ò sọ fún un?"

Ó ní bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ èyí tí mo gbọ́, ẹ̀rọ náà ti kọ́ ọ, ó ti ń fi ohùn Màmá kọ àwọn mìíràn tí Màmá ò kọ rí. Ó ní kí n má bínú. Ó ní òun máa wá kí Màmá tó bá di Kérésì. Mo ní tó bá fi ẹsẹ̀ kan ilé wa, màá da omi gbígbóná sí i lára, mi ò sì fi ṣeré. Mo pa fóònù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ohun tó dùn mí jù ni pé òun gan-an ni ẹni tí ǹ bá pè kó wá bá mi sunkún.

Mo gbé áàpù náà sórí fóònù mi, mo gbọ́ àwọn orin tí ẹ̀rọ náà ń dá kọ. Ó kọ wọ́n dáadáa, ìyẹn ló bí mi nínú jù. Kò ṣi ohùn kankan kọ. Kì í mí láàárín ìlà kan sí èkejì, ó kàn ń lọ ṣáá ni. Láti ìgbà náà, tí mo bá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù níbi ìsìnkú, tí mo rí i tí àwọn èèyàn ń nu ojú, ojú máa ń tì mí, mo sì ń sáré parí rẹ̀.

Mo ti bẹ Màmá. Mo rán àbúrò rẹ̀ obìnrin sí i, mo rán àlùfáà wa. Ó gbọ́ wọn tán, ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì gbà á gbọ́. Wọn ò rí ohun tí mò ń rí. Tí mo bá jí, "Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Tí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, oúnjẹ mi wà lórí tíréè, nínú àwo tí a fi ń gba àlejò, ó ti da aṣọ bò ó, ẹran inú rẹ̀ tóbi ju tirẹ̀ lọ. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń dunni tó kí ìyá ẹni máa ṣe dáadáa sí ẹni báyìí? Mo fẹ́ kó bú mi. Mo fẹ́ kó sọ àwo lù mí. Lọ́jọ́ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìrẹsì jóná, àfi kó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún yín." Wọ́n dalẹ̀ èmi náà, àmọ́ lójú Màmá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ẹnì kan náà ni wá.

Ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi tún pé. Mo pa rédíò, mo pa fáànù, mo bẹ àwọn ará ẹ̀yìn ilé wa kí wọ́n má tíì tan jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó sí pálọ̀. Mo gbọ́ tí Màmá ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìlà àkọ́kọ́, ọ̀nà wo lo gbà, ó sì dákẹ́. Mo rò pé ẹkún ló gbà á lọ́nà. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dákẹ́ síbi kan náà. Èmi tí mò ń fi orin jẹun, ó yẹ kí n ti tètè mọ̀. Ibi tí dùùrù ti máa ń wọlé nínú tiwọn ló ń dúró sí. Ó ń dúró de dùùrù.

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé," ó ní. "Ẹ bá mi fi fóònù yín ṣí i. Mo kọ ọ́, mi ò dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi."

"Màmá, ẹ má ṣe báyìí."

"Ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kó máa retí mi."

Mo wọlé. Láti kékeré, mi ò wọ yàrá náà rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n jókòó sórí àga, òun jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Mo wá áàpù náà, mo wá ìfọ̀kànbalẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ ló kọ́kọ́ jáde. Obìnrin kan ń pariwo pé aṣọ ti funfun báláú. Màmá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń dúró kí ọṣẹ náà parí.